Fóònù Tó Ń Ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà Wa

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Motúnráyọ̀ ọmọ mi jẹ́, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ọṣẹ ti bó o, ẹ̀yìn ọwọ́ náà funfun bí ẹni pé wọ́n fi eérú pa á. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn ọwọ́ fífọ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti dé láti ibi eré, tí wọ́n ti ki ọwọ́ bọ oúnjẹ, òun á ṣì wà nídìí àmù, á máa fi kànìnkànìn ha èékánná. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé omi tó ń fi ṣòfò tó láti po ògì fún gbogbo àdúgbò. Bàbá rẹ̀ á ní kí n fi ọmọ sílẹ̀, pé ọwọ́ yẹn yóò gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ kan. Bàbá ti sùn báyìí, kò dúró rí i, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ náà ló ń gbẹ̀bí fún àwọn aboyún ní abúlé kan lẹ́yìn Òrun-Èkìtì, níbi tí èèyàn ti ń gba àárín oko kòkó kọjá kó tó débẹ̀.

Èmi ni Florence Akínpẹ̀lú, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ìṣẹ̀-Èkìtì là ń gbé, èmi àti Motúnráyọ̀ nìkan, nítorí Kàdúná ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Àárọ̀ ni Motúnráyọ̀ ń gun màṣíìnì rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń ṣe, ìrọ̀lẹ́ ló ń padà. Mo ní ikọ́ fée, kì í sì í ṣe ohun tí mo lè fi ṣeré. Bí eruku ọyẹ́ bá gbé e dé, èémí á há mi láyà, àfi kí n fa òògùn sọ́nà ọ̀fun kí n tó lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí àrùn kòrónà dé, irú àwa yìí ni wọ́n ń sọ lórí rédíò pé kò gbọ́dọ̀ kàn.

Lọ́dún náà, àwọn kan wá pe ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, wọ́n ní áàpù kan wà tí àwọn fẹ́ kí gbogbo nọ́ọ̀sì fi sínú fóònù. Bí Motúnráyọ̀ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí. Bí fóònù méjì tí áàpù náà wà nínú wọn bá pẹ́ nítòsí ara wọn, wọ́n á dá ara wọn mọ̀, wọ́n á sì fi í sọ́kàn. Bí àyẹ̀wò bá wá fi hàn pé ẹni tó ni ọ̀kan nínú wọn ní kòrónà, gbogbo fóònù tó ti bá tirẹ̀ jókòó á pọ́n lójú, á ní kí ẹni tó ni òun lọ jókòó sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá séwu, ojú fóònù á tutù bí ewé.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà ò fohùn ṣọ̀kan. Àwọn kan ní àwọn ò ní gbé amí sápò. Felicia, tí òun àti Motúnráyọ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kékeré tó wà ní abúlé náà, sọ pé àwọn obìnrin mìíràn ń yọ́ wá fètò sọ́mọ bíbí láìjẹ́ kí ọkọ wọn mọ̀. Ó ní bí fóònù bá wá ń ka ẹni tó wá sọ́dọ̀ wọn ńkọ́? Nígbà tí mo gbọ́, mo gbè sẹ́yìn Felicia. Motúnráyọ̀ ní wọ́n ti ṣèlérí pé áàpù náà kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó wá wò mí lójú.

"Màmá, ugi gogoro má gùn ún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ojoojúmọ́ ni mo ń ti ọ̀dọ̀ aláìsàn wọ ulé wá bá yín. Bí mo bá gbé ukọ́ yìí wọlé, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn àbúrò mi?"

Ó fi áàpù náà sínú fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bí fóònù ṣe di oníbodè ilé mi nìyẹn. Bí Motúnráyọ̀ bá dé nírọ̀lẹ́, abẹ́ igi gúáfà tó wà níwájú ilé ló ń dúró sí, á yọ fóònù, á wò ó. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀, mo wá ń dúró lójú fèrèsé kí fóònù fọwọ́ sí i kí ọmọ mi tó lè dì mọ́ mi. Inú ń bí mi sí nǹkan náà, mi ò sì fi í pamọ́.

"Kí ni ọ̀gá rẹ wí?" ni mo máa ń bi í.

"Ó ní kí n wọ ulé."

"Bá mi kí i. Ní a dúpẹ́."

Á rẹ́rìn-ín, á lọ wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, á wá jókòó tì mí ká jọ jẹun. Inú abọ́ kan náà la ti ń jẹ ẹ́. Bàbá rẹ̀ ló fi í kọ́ wa, ó ní ẹni tí ò bá lè ti ọwọ́ bọ abọ́ kan pẹ̀lú ará ilé rẹ̀, kó wádìí ọkàn ara rẹ̀ wò. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé náà, mi ò bu oúnjẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dé abẹ́ igi gúáfà, ó wo fóònù, kò sì gbójú kúrò lára rẹ̀. Mo bi í ohun tí ọ̀gá rẹ̀ wí. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ó ti pọ́n, Màmá. Ẹ má ṣí ulẹ̀kùn."

Ọwọ́ mi ti wà lára kọ́kọ́rọ́. Ó yí màṣíìnì rẹ̀ padà, ó lọ sínú yàrá kan tó wà lẹ́yìn ọsibítù wọn, ibẹ̀ ló sì sé ara rẹ̀ mọ́. Fóònù Felicia náà pọ́n, ni wọ́n bá ti ọsibítù pa. Ti tíṣà abúlé pọ́n, ti olórí akọrin pọ́n, àti ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ní fóònù ńlá níbẹ̀, nítorí Motúnráyọ̀ ti fi sùúrù bẹ̀ wọ́n títí tí wọ́n fi gba áàpù náà sínú tiwọn. Ìjà dé. Bámgbóyè tó jẹ́ olórí abúlé ní nọ́ọ̀sì ti fi àbùkù kan gbogbo àwọn, pé ará Òrun ò jẹ́ ra iṣu lọ́wọ́ àwọn mọ́. Ọmọ mi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá tó wà. Èmi ń jẹun nínú abọ́ wa lémi nìkan.

Ara mi ò gbà á. Mo pe Felicia lórí fóònù, mo bi í ta ló tilẹ̀ ní àrùn ọ̀hún. Kò ṣe é bò mọ́ lábúlé: Bọ́dúndé ni, ará Ìkẹ́rẹ́ tó ń ra kòkó. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí wọn pé wọ́n ti ṣàyẹ̀wò fún òun ní Adó, òun sì ní in.

"Níbo ló jókòó sí nígbà tó wá sọ́dọ̀ yín?"

"Kò jókòó, Màmá. Kò tilẹ̀ wọlé. Ojú fèrèsé ló ti na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní kí n bá òun fi í sí uná. Ó bá tirẹ̀ lọ sóko kòkó, ìrọ̀lẹ́ ló padà wá gbà á."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ó pẹ́ tí tiransifọ́mà abúlé náà ti bàjẹ́. Ibi kan ṣoṣo tí iná wà ni ọsibítù, nítorí sólà tí wọ́n gbé sórí ilé fún fíríìjì tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ń wà. Ibẹ̀ ni gbogbo abúlé ti ń ṣáájì. Felicia á lẹ pílásítà mọ́ ẹ̀yìn fóònù kọ̀ọ̀kan, á kọ orúkọ olóhun sí i, á wá tò wọ́n sórí tábìlì gígùn bí ẹja tí wọ́n ń yan. Fóònù tirẹ̀ àti ti Motúnráyọ̀ á wà láàárín wọn.

Àṣé àwọn fóònù ló pàdé, àwọn èèyàn ò pàdé rárá. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi. Inú mi dùn pé mo ti rí oníbodè yẹn mú. Mo pe Motúnráyọ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Kó ẹrù rẹ, ó di ulé. Fóònù yín ló bá ti Bọ́dúndé sùn lórí tábìlì láti àárọ̀ dalẹ́. Ìwọ ò fojú kan ọkùnrin yẹn."

Mo ń retí pé yóò bá mi rẹ́rìn-ín.

"Màmá," ló wí, "ẹ rántí ọjọ́ tí Ọpẹ́yẹmí bímọ?"

Mo rántí. Ó ti sọ ìtàn ọmọ tuntun náà fún mi lọ́jọ́ yẹn títí a fi jẹun tán, pé igbe rẹ̀ ń ró dé ojú títì.

"Ọpẹ́yẹmí ń wúkọ́ lọ́jọ́ náà. Láti ọ̀sán títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀ ni mo wà nídìí rẹ̀, tó ń mí sí mi lójú. Níbo ni fóònù mi wà?"

Mo mọ ibi tó wà. Òfin Motúnráyọ̀ ni pé fóònù ò gbọ́dọ̀ wọ yàrá ìgbẹ̀bí. Ìbátan aláboyún kan ti ya fọ́tò obìnrin tó ń rọbí rí, ó fi ránṣẹ́ káàkiri, ojú sì ti obìnrin náà débi pé kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Láti ọjọ́ náà, kálukú ló ń fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọlé, nọ́ọ̀sì náà ò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

"Orí tábìlì ló wà, Màmá. Mo dé abẹ́ gúáfà, ó ní kí n wọlé, mo wọlé, mo ki ọwọ́ bọ abọ́ pẹ̀lú yín." Ló bá bú sẹ́kún.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ọjọ́ náà ti kọjá tipẹ́, ikọ́ Ọpẹ́yẹmí ti lọ, nǹkan kan ò sì ṣe èmi náà. Ọlọ́run ló yọ mí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa ọmọ mi lẹ́kún kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ó ní òun gbọ́ ikọ́ yẹn pẹ̀lú etí òun, òun sì mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe, àmọ́ ojú fóònù tutù, ọkàn òun sì bá a tutù. Àánú rẹ̀ ṣe mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo kàn ń tẹnu mọ́ ọn pé kó má sunkún mọ́, mo wà láàyè, òun náà ń gbọ́ ohùn mi.

Mo rò pé yóò yọ áàpù náà sọnù. Ẹ ò mọ Motúnráyọ̀ ni. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì rẹ̀ pé, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé kò ní nǹkan kan, ó lọ bá Bámgbóyè, ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tún wọ ilé kọ̀ọ̀kan lọ tọrọ àforíjì. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá fẹ́ ṣáájì kó pa fóònù rẹ̀ kú kó tó gbé e sórí tábìlì. Ó lẹ pílásítà mọ́ ojú tí fóònù tirẹ̀ fi ń ya fọ́tò, ó wé e sínú nílọ́ọ̀nù, ó wá ń bi obìnrin kọ̀ọ̀kan bóyá kí òun gbé e wọlé. Èyí tó bá ní rárá, fóònù á dúró síta.

Lẹ́nu ọ̀nà wa náà, nǹkan yí padà. Bó bá ti fi ojú fóònù hàn mí tán, á wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bó ṣe lo ọjọ́ náà, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni: mo gbẹ̀bí fún ẹnìkan, kò wúkọ́, mo di ojú egbò fún ẹnìkan, ara rẹ̀ ò gbóná. Ó ní fóònù ń ran ni lọ́wọ́, kì í bá ni ronú. Ǹ bá tún bẹnu àtẹ́ lu fóònù náà, ṣùgbọ́n áàpù yẹn kan náà ló kìlọ̀ fún un nípa àlejò kan tí wọ́n jọ jókòó nípàdé ní Adó, ẹni tí kò mọ̀ rí. Lọ́jọ́ yẹn, mo pa ẹnu mi mọ́.

Ó wá ku ọjọ́ tí mo pé àádọ́rin ọdún. Kò sí àpèjẹ, nítorí wọ́n ti ní kí èrò má pé jọ. Àwọn ọmọ mi yòókù kí mi lórí fóònù. Mo gún iyán fúnra mi, mò ń gún un, mò ń sinmi, mo sì se ọbẹ̀ ìgbín tí Motúnráyọ̀ fẹ́ràn. Mo bu gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ kan, mo lọ dúró lójú fèrèsé.

Ó dé, ó gbé kéèkì kékeré kan dání nínú nílọ́ọ̀nù. Ó fi fóònù hàn mí. Ó tutù bí ewé, inú àpò rẹ̀ ló sì ti wà látàárọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu sọ tirẹ̀.

"Bàbá arúgbó kan wá lónìí, Màmá. Ukọ́ ń bá a jà. Èmi ni mo gbé e dìde, tí mo fi í ti àyà mi kó lè rí èémí mí. Wọ́n ti gbé e lọ Adó fún àyẹ̀wò." Ó gbé nílọ́ọ̀nù kéèkì sí ọwọ́ kejì. "Fóònù olótòòṣì ló ní."

Fóònù olótòòṣì ò lè gba áàpù. Ó wo ojú fóònù rẹ̀, ó wò mí. Kò sọ pé òun fẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kọjá gọ́tà. Mo rí i bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó. Gbogbo ara mi ló ń fẹ́ kí n ṣílẹ̀kùn, kí n gbá a mọ́ra, kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀.

"Dúró síbẹ̀, ọmọ mi," ni mo wí.

Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà.

Mo mú abọ́ mìíràn nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo pín iyán náà sí méjì. Mo gbé tirẹ̀ jáde sórí àpótí abẹ́ igi gúáfà nígbà tó sún sẹ́yìn fún mi, mo padà wọlé, mo gbé tèmi lé etí fèrèsé. Ó dùn mí dénú egungun. Mo sunkún, mi ò sì fi í bò.

"Màmá, uyán yín kúnná," ló wí láti ibi tó jókòó sí.

"Jẹun, jàre."

Fóònù rẹ̀ wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ojú rẹ̀ tutù bí ewé, ó ṣì ń sọ pé kó wọlé.