Ohun Tí Mo Jẹ Kí N Tó Lọ Sóko Àna

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ní Odomèta, ó gbá mi lápá mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá yí i ká, ìka méjèèjì pàdé. Ó ní, "Ọmọ mi, kí lẹ ń jẹ ní Kétu yẹn gan-an?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àbí kí ni kí n ṣe? Ṣùgbọ́n bí zẹ́mì, alùpùpù tó ń kérò, ṣe ń gbé mi padà sílé, ojú ọ̀nà ò yé mi mọ́.

Iṣẹ́ oko ló ń bà mí lẹ́rù. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ yóò kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ bá bàbá ọmọ kọ ebè iṣu. Ọ̀wẹ̀ la ń pè é. Àwọn ọ̀rẹ́ lè ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ poro kan wà tó jẹ́ ti ọkọ ìyàwó nìkan, láti etí oko kan dé èkejì, ọ̀rẹ́ kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èmi tí mò ń tún tẹlifóònù ṣe, tó jẹ́ pé ohun tó wúwo jù lọ́wọ́ mi láti àárọ̀ dalẹ́ ò ju tọ́ọ̀ṣì lọ! Ọkùnrin kan tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Kpankou sì ti ń yọjú sílé wọn, èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Bí poro mi bá kù, ọmọ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń gbé irin lẹ́yìn ọjà, irin tí wọ́n fi kọnkéré dì lórí méjèèjì, ní kí n wá máa bá òun gbé e, kí n sì máa jẹ iṣu. Mo jẹ iṣu. Mo jẹ ẹ̀bà láàárọ̀, mo jẹ ẹ̀kọ lọ́sàn-án, mo jẹ iyán lálẹ́, ọbẹ̀ rẹ̀ kò nípọn, ẹja ò sí ńbẹ̀. Ikùn mi yọ. Apá wà bó ṣe wà. Mo wo ara mi nínú dígí, mo rí ọ̀pọ̀lọ́, mo sì sunkún.

Ni ọ̀rẹ́ mi bá wo fídíò kan ní èdè Faransé, ó sáré wá bá mi. Ó ní gílísíìdì ló ń yọ mí níkùn, ìyẹn iṣu, gààrí àti àgbàdo. Ó ní lìpíìdì ló kù, ìyẹn epo àti ọ̀rá. Mo gbà á gbọ́, ẹni tí omi ń gbé lọ kì í bi igi léèrè orúkọ rẹ̀ nígbà yẹn. Mo pa iṣu tì pátápátá. Mò ń jẹ ẹ̀pà, píà, wàrà díndín àti ẹyin tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú epo pupa. Láàárọ̀, màá dijú, màá gbé ṣíbí epo kan mì. Ìyá mi bi mí bóyá ìyàwó ni mò ń wá àbí fìtílà ni mo fẹ́ dà. Ebi ò pa mí mọ́, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe mí, èébì ń gbé mi, tí mo bá sì gbé irin, apá mi á kàn máa gbọ̀n.

Ìgbẹ́ gbuuru yẹn ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gbọ́ àlàyé mi tán, ó fi bírò sílẹ̀. "Ta ló ní kẹ́ ẹ yan ọ̀kan nínú wọn?" Ó ní iṣu àti àgbàdo ni ara ń kọ́kọ́ jó tó bá ń ṣiṣẹ́ agbára, kí n jẹ ẹ́ ṣáájú iṣẹ́, kí n sì jẹ ẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ara nílò epo náà, àmọ́ ìwọ̀nba, torí ó máa ń pẹ́ nínú ikùn. Ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin ló ń mọ ẹran ara, kí gbogbo wọn jọ wà lórí abọ́ kan náà. Ó wá béèrè ìgbà tí mo fẹ́ kó hàn lára mi. Mo ní ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó mú bírò rẹ̀, ó pe ẹni tó kàn.

Mo ṣe bó ṣe wí. Gààrí àti ẹ̀wà, epo díẹ̀ lórí rẹ̀, ẹja bí mo bá rí i. Okun díẹ̀ yọ lóòótọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa.

Àárọ̀ ọjọ́ ọ̀wẹ̀ ni mo wá ba ti ara mi jẹ́. Ìyá mi se iṣu, ó gbé e síwájú mi. Mo wò ó, ẹ̀rù bà mí. Bí iṣu yìí bá tètè dà, tí ìgbẹ́ sì ń gbọ̀n mí lóko àna ńkọ́? Kí n ju ọkọ́ sílẹ̀, kí n sáré wọ igbó níṣojú bàbá àti ìyá ọmọ? Ó sàn kí n kú. Mo gbé iṣu padà fún un, mo jẹ píà àti ẹyin tí wọ́n fi epo dín, torí nọ́ọ̀sì ti ní epo máa ń pẹ́ nínú ikùn; mo gbàgbé pé epo yẹn náà ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a dé oko, wọ́n gbé oúnjẹ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Èmi ò lè jẹ, ojú àna ń tì mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pariwo orúkọ oríkì mi. Mi ò tíì dé àárín poro tí apá mi fi kú. Ọkọ́ ń lọ sókè, kò mọ ibi tó ń balẹ̀ sí mọ́. Ojú mi ṣú, mo kúnlẹ̀ sórí ebè tí mò ń kọ lọ́wọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi dúró, wọn ò gbọdọ̀ ràn mí lọ́wọ́. Bàbá ọmọ jókòó lábẹ́ igi, ó ń wò mí. Mo gbìyànjú láti dìde, ẹsẹ̀ kọ̀. Mo mọ̀ pé ó ti tán.

Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ń gbé omi bọ̀. Ó sọ igbá kalẹ̀, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá rẹ̀ kígbe pé kó padà. Ó kọ ebè mi lọ, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi kan etí oko lọ́hùn-ún, kò wẹ̀yìn.

Bàbá rẹ̀ dìde. "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ń fẹ́ ta báyìí?" Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ó gba abọ́ iyán tí wọ́n gbé wá fún ọkọ ìyàwó, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀. Ó kọjú sí mi. "Ìwọ, lọ jẹun fún ọdún kan. Kí o padà wá nígbà náà."

Ọmọ náà jókòó sórí ilẹ̀, ó fa abọ́ sáàárín èmi àti òun. Níwájú àwọn òbí, tọkọtaya nìkan ló ń jẹ nínú abọ́ kan náà lọ́dọ̀ wọn, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Èmi ò lè dúró ọdún kan. Ẹ wá jẹun."

Ebi ń pa mí débi pé mo ti ki ọwọ́ bọ abọ́ kí n tó rántí láti wo ojú bàbá rẹ̀.