Ẹ̀rọ Tó Sùn Lórí Àyà Bàbá Wa

Ata Wẹ́wẹ́ ni bàbá wa sọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, torí bó ṣe kéré tó yẹn, bó bá bínú, gbogbo ilé ló máa ń sín. Inú ń bí èmi náà bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ṣíìpù ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe, ègé tí kò tó èékánná, tó ń ka lílù ọkàn nínú ẹ̀rọ tí èèyàn ń lẹ̀ mọ́ àyà. Iná díẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa lò, kí bátìrì lè pẹ́. Ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ wá dá ọgbọ́n kan: bí ara ò bá ti mira fúngbà díẹ̀, kí ṣíìpù gbà pé wọ́n ti bọ́ ẹ̀rọ sílẹ̀, kó sùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni yóò jókòó bí òkúta. Ara wọn ni wọ́n fi dán an wò, wọ́n ń sáré gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fúnra wọn.

Bàbá wa ló ń jókòó bẹ́ẹ̀. Aago ọwọ́ ni wọ́n ń tún ṣe. Bí wọ́n bá ti fi ẹ̀mú gbé irin tíntín inú aago, eṣinṣin lè bà lé wọn nímú, wọn ò ní mira. Òòyì ń kọ́ wọn, lẹ̀gbọ́n mi bá mú ọ̀kan nínú ẹ̀rọ náà wálé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn láyà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n dákú sórí tábìlì iṣẹ́. Wọ́n jí, ṣùgbọ́n dókítà fẹ́ rí ohun tí ẹ̀rọ kà kó tó lè mọ oògùn tó yẹ wọ́n. Ẹ̀rọ ò ka nǹkan kan. Ó ti sùn.

Àwọn òṣìṣẹ́ ń di irú ẹ̀rọ náà sí páálí fún títà nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé tọ ọ̀gá lọ. Mo tẹ̀ lé e, kó má baà lu ọmọ ọlọ́mọ. Kò pariwo. Ó ní kí ọ̀gá lẹ ọ̀kan mọ́ àyà, kó gbọ́ tòun. Ó wá rọra ń rojọ́ bàbá wa. Ọ̀gá ká apá, ó tẹjú mọ́ ọn. Iná tó ń ṣẹ́jú lórí ẹ̀rọ kú.

“Ọ̀gá, ẹ̀rọ yín ní kò sẹ́ni lórí àga yìí.”

Ọ̀gá yára gbọnra, iná tàn. Ó ní ṣebí ó ti jí.

“Ẹni tó dákú ò lè gbọnra, sà.”

Ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ẹ̀rọ kúrò láyà, ó ní kí páálí kankan má jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ò dúpẹ́. Kí la fẹ́ dúpẹ́ fún? Dókítà ní ká máa ṣọ́ bàbá wa, títí ọkàn wọn yóò tún fi dá wọn dúbúlẹ̀, kí òun tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.