Ọmọ Odó Mẹ́ta Nínú Odó Kan

Ìbànújẹ́ kì í tètè rí omi gbà lójú mi. Ohun tó máa ń mú mi sunkún ni kí ènìyàn ṣe ohun tó le bí ẹni pé kò le rárá. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó wọ ilé ìwé àgbà ní Ìlọ́fà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ wa fa ìlà kan já gbogbo ojú pátákó. Kò wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń bá wa sọ̀rọ̀ lọ, ìlà náà sì tọ́ bí okùn tí a nà. Mo sorí kodò kí àwọn yòókù má baà rí mi.

Ìyàwó mi mọ ìwà mi yìí dáadáa. Ìdí odó ni mo ti kọ́kọ́ rí i, níbi ìkórè ìjọ wa ní Òsì. Ní ọ̀dọ̀ wa, obìnrin mẹ́ta ló máa ń gún iyán ìkórè pọ̀ nínú odó ńlá kan. Bí ọmọ odó kan bá ń lọ sókè, òmíràn ń bọ̀ nílẹ̀, ẹ̀kẹta wà láàárín, wọn kì í sì í kan ara wọn. Lọ́jọ́ náà, òun wà lára àwọn mẹ́ta, ó ń gún, ó ń dá ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lápárá, bí ẹni pé ọmọ odó náà ló ń gún fúnra rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Ó rí i, ó ní kí n kúrò níbi èéfín. Èéfín yẹn ló fi ń ṣẹ̀fẹ̀ mi títí tó fi kú.

Nígbà tí a sin ín, n kò sunkún. Mo dúró létí sàréè, mo kí àwọn ènìyàn, mo rí i pé àlejò jẹun. Ọmọbìnrin wa, òun nìkan la bí, sọ fún àbúrò mi obìnrin pé ojú gbígbẹ ni bàbá òun fi sin ìyá òun. Ó padà sí Èkó. Bó bá pè mí lórí fóònù, á béèrè bóyá mo ti jẹun, bóyá mo ti lo oògùn, ó parí. N kò wí àwíjàre. Mo mọ ohun tó wà nínú mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọmọ mi máa bá mi sọ̀rọ̀.

Ó wálé fún ìkórè ọdún tó kọjá. Wọ́n ti gbé odó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin méjì ló dúró tì í, àyè ìyá rẹ̀ ṣófo. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi gbàjá mọ́dìí, ó mú ọmọ odó. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rọ ni ará Èkó mọ̀ ọ́n fi gún iyán. Bó ṣe sọ ọ́ kalẹ̀ ló gbá ti ẹnì kejì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó tún gbìyànjú, ó tún gbá a. Láti ìdí máńgòrò tí mo jókòó sí, mo rí i pé ojú ń tì í. Mo ń gbàdúrà kó má gbé e jù sílẹ̀.

Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin méjèèjì sọ fún un pé, "Ọmọ mi, ọmọ odó wa lò ń wò. Ìyá rẹ kì í wò ó. Etí la fi ń gún un."

Ó gbé ojú kúrò nínú odó. Ó dúró díẹ̀, ó ń fetí sí bí àwọn méjèèjì ṣe ń dún, ó wá wọ àárín wọn. Kò sí èyí tó kan èkejì. Èjìká rẹ̀ rọ̀. Nígbà tó yá, ẹnì kan ń bi í léèrè ọkọ rẹ̀, ó sì ń dáhùn, ó ń gún lọ.

Mo sunkún. N kò sorí kodò lọ́tẹ̀ yìí.

Òun ló gbé iyán tèmi wá. Ó wo ojú mi pẹ́. "Bàbá, ẹ ò sunkún lọ́jọ́ tí a sin màmá. Iyán lẹ wá ń sunkún sí?"

Mo ní, "Bí mo ṣe sunkún lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìyá rẹ nìyẹn. Ìdí odó ló wà."

Ó jókòó tì mí, ó ní kí n sọ bí ọjọ́ náà ṣe rí. Mo sọ ọ́, títí dórí èéfín. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún béèrè òmíràn. Iyán tutù sínú abọ́. Èmi tí kì í jẹ iyán tútù, mo jẹ ẹ́ tán.