Okùn Iṣu Lára Manẹ́ẹ̀jì

Ní Manigri, bí iṣu bá já bọ́ nínú àká, wọn kì í bá iṣu wí. Ẹni tó so ó ni wọ́n ń bá wí. Hafsatou, ìyá Latifa, ti so iṣu fún ọgbọ̀n ọdún, kò sì sẹ́ni tó bá a wí rí. Wọ́n ní igba iṣu ló máa ń so láàárọ̀ kan. Ẹ pín in sí méjì. Ó ṣì pọ̀.

Ìdí nìyí tí Faïssal, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń jó irin, fi sáré wá bá a lóko nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan. Faïssal ti fi irin àlòkù ṣe manẹ́ẹ̀jì kan, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn pòòyì: òpó kan, apá mẹ́jọ, àga mẹ́jọ tó ń rọ̀ dirodiro, àti ẹ́ńjìnnì alùpùpù tí yóò máa fi gbogbo rẹ̀ pòòyì. Bassila ló fẹ́ gbé e lọ kí àwọn ọmọdé lè gùn ún nígbà ọdún. Ṣùgbọ́n Mamadou, òṣìṣẹ́ tó ń fún èèyàn níwèé àṣẹ, ní òun fúnra òun ni òun yóò kọ́kọ́ gùn ún. Bí ó bá fi lè yọ̀ kúrò lórí àga, ó parí.

"Ìyá, ìgbànú tí mo rí kò lè di ewúrẹ́ mú."

"Ta ló ń wá ìgbànú?" Hafsatou ti ń wá okùn. "Iṣu mélòó lo rí tó já bọ́ lọ́wọ́ mi?"

"Iṣu kì í fò, Ìyá."

"Wọn ò tíì gbé e gun manẹ́ẹ̀jì ni."

Wọ́n so iṣu ńlá mẹ́jọ mọ́ àga mẹ́jọ, wọ́n yí i títí ewúrẹ́ àdúgbò fi sá wọlé. Ìkankan kò bọ́. Kò sẹ́ni tó bi iṣu bóyá òòyì kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì Iléyá, Mamadou dé pápá Bassila pẹ̀lú awò dúdú lójú. Ó kọ́kọ́ pàṣẹ pé nítorí ààbò, ohun mímú kankan kò gbọ́dọ̀ wọlé. Razak, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, gba ọ̀bẹ gbogbo èèyàn, ti Hafsatou náà wà níbẹ̀, ó tì wọ́n mọ́ inú àpótí irin.

Hafsatou yí okùn ká àyà Mamadou àti àga lẹ́ẹ̀mẹta, ó mú un gba abẹ́ itan kọjá, ó fi ẹsẹ̀ ti àga kí ó tó fà á.

"Ìyá, ṣé mo lè mí?"

"Díẹ̀díẹ̀, Sẹ́ẹ̀fù."

Ní ìyípo kìíní, Mamadou fi Faransé pàṣẹ pé kí wọ́n dá a dúró. Ní ìkejì, ó fi Anii, èdè ilé rẹ̀, ké pe ìyá rẹ̀. Awò dúdú fò lọ sórí igi kajú. Hafsatou kò wo ojú rẹ̀. Okùn ló ń wò. Ní ìyípo karùn-ún, igbe di ẹ̀rín, bí ọmọ tí wọ́n ń sọ sókè tí wọ́n ń hán.

"Faïssal, fi kún eré rẹ̀!" Mamadou kígbe.

Nígbà tí manẹ́ẹ̀jì dúró, Mamadou kò tíì yọ̀ kúrò lórí àga rárá. "Ó dára. Ẹ tú mi, kí n lọ lu òǹtẹ̀."

Hafsatou wo okùn. Ní ọgbọ̀n ọdún, kò tíì tú ọ̀kan rí. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ iṣu, ọ̀bẹ ló fi ń gé e.

"Sẹ́ẹ̀fù, iṣu kì í ní òun fẹ́ sọ̀kalẹ̀."

"Ẹ gé e!"

"Ọ̀bẹ wà nínú àpótí yín."

"Razak dà?"

"Ó ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ jẹ ẹran Iléyá ní Doguè."

Faïssal bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín gé okùn.

"Yọ eyín rẹ lára ìjọba!"

Hafsatou wo oòrùn. Ọ́fíìsì máa tó tì, bí kò bá sì sí òǹtẹ̀, kò sí manẹ́ẹ̀jì. "Faïssal, tú àga náà kúrò lápá manẹ́ẹ̀jì!"

Báyìí ni Mamadou ṣe la Bassila kọjá pẹ̀lú àga lẹ́yìn, tí èrò ń tẹ̀ lé e. Ibi tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, ó jókòó.

Ní ọ́fíìsì, Ganiyatou, akọ̀wé rẹ̀, dìde. "Ẹ jókòó, Sẹ́ẹ̀fù."

"Mo ti jókòó."

Mamadou kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sẹ́ni tó lè já bọ́. Ó ronú díẹ̀, ó fi kún un pé ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Ó lu òǹtẹ̀.

Ganiyatou na àlùmọ́gàjí sí okùn.

"Rárá o," Mamadou wí, ó sì ti kọjú sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dá àga padà sáyè rẹ̀. Àyẹ̀wò kan ṣì kù."