Abọ́ Mílíìkì Tí Mo Fọ̀ ní Steilshoop

Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, òwúrọ̀ Sátidé, ni mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi ní Spandau, nílùú Berlin. Mo múra bí ẹni tó ń lọ ṣe ìdánwò, bẹ́ẹ̀ yàrá tí mo fẹ́ gbà ni mo ń lọ wò. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí lẹ́yìn tí mo gboyè yóò bẹ̀rẹ̀ ní Hamburg lóṣù tó ń bọ̀. Gbogbo onílé tí mo kọ̀wé sí, ẹnì kan ṣoṣo ló ní kí n wá: Màmá Gwen.

Yúrò mẹ́tàlélógún ni mo fi wọ ọkọ̀ ojú irin. Kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ títí a fi dé Hamburg. Nílé, kí ọkọ̀ Èkó tó dé Ìbàdàn, wàá ti mọ iye ọmọ tí ẹni tó jókòó tì ọ́ bí. Láti ibùdókọ̀ Barmbek mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí àdúgbò Steilshoop. Àwọn ilé gogoro ibẹ̀ jọra débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹ aago ilé ẹlòmíràn.

Màmá Gwen ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ará Wales ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ England. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ará Jámánì ti kú. Mo kúnlẹ̀ kí i.

“Kí ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ?” ó bi mí, ó ń wo ilẹ̀.

Ó ní Gwen lásán ni kí n máa pe òun. Ẹnu mi kọ̀ ọ́.

Fóònù dún, ó lọ gbé e ní pálọ̀. Mo rí abọ́ mílíìkì kan nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó ti ń di awọ lójú. Kò sí ológbò nínú ilé. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé wa kì í jókòó kí abọ́ àgbà dọ̀tí sílẹ̀, mo bá da mílíìkì náà nù, mo fọ abọ́, mo dojú rẹ̀ dé. Inú mi tiẹ̀ ń dùn sí ara mi.

“Ta ló fọ èyí?” Màmá Gwen bi mí nígbà tó padà dé.

“Èmi ni, mà.”

Ó rọra jókòó. “Ti bwbach ni.”

Bwbach, ‘búùbakì’ létí tèmi, ni iwin inú ilé lọ́dọ̀ wọn. Ó ń gbálẹ̀, ó ń po bọ́tà fún ẹni tó bá ń gbé mílíìkì kalẹ̀ fún un nírọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá rí i fín, á da ilé rú.

“Ṣé o máa ń mu bíà?”

“Mi ò fẹnu kàn án rí, mà.”

“Bàbá ẹ ńkọ́, iṣẹ́ wo ló ń ṣe?”

“Pásítọ̀ ni, mà.”

Ó dijú. “Bwbach kórìíra oníwàásù. Ó kórìíra ẹni tí kì í mu bíà. Ìwọ wá kó méjèèjì wọlé.”

Mo retí kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ẹ ti rí i rí, mà?”

“Rárá. Ìyá mi náà ò rí i. Ṣùgbọ́n kò sí ìrọ̀lẹ́ tí a gbàgbé.”

Ó ní wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún òun, òun yóò sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù. Ẹni tó bá gba yàrá náà ni yóò máa gbé mílíìkì kalẹ̀.

“Àwọn mẹ́ta tó wá ṣáájú ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Ìwọ kò rẹ́rìn-ín. Fún mi lésì ní Ọjọ́rú.”

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí mò ń bọ̀, mo pe Ẹ̀gbọ́n Bísí, ọmọ ìjọ wa tó ń gbé ní àdúgbò Märkisches Viertel ní Berlin.

“Ẹ̀gbọ́n, iwin ni wọ́n ní kí n máa bọ́.”

“Kí ló ń jẹ?”

“Mílíìkì, abọ́ kan.”

“Ọmọ mi ń jẹ jù ú lọ. Gba yàrá náà, jàre. Gbàdúrà sí mílíìkì náà kí o tó gbé e kalẹ̀.”

“Tí mo bá gbàdúrà sí i, ṣé kò ní bínú?”

“Ta ni kò ní bínú?”

Ẹ̀rù ara mi bà mí ju ẹ̀rù ilé Màmá Gwen lọ, torí mo ti ń ro bí inú bwbach yóò ṣe rí.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo padà dé Spandau. Nítorí ọtí tí wọ́n ń ta sílẹ̀ fún òkú ọ̀run ni bàbá mi ṣe kó kúrò ní agbo ilé wa. Ìtàn yẹn ni wọ́n fi tọ́ mi. Ìrìn àjò yìí ti kọ́ mi pé mi ò tíì bi ara mi léèrè ohun tí èmi fúnra mi gbàgbọ́. Mo lè gba kọ́kọ́rọ́ kí n má gbé nǹkan kan kalẹ̀, Màmá Gwen kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbẹ́kẹ̀ lé mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un ní Ọjọ́rú?