Ọ̀pá Ìwọnpo Tí Mo Fún Awakọ̀ Òfurufú

Mo wa tròtrò, ọkọ̀ akérò, láti ọjà Kejetia lọ sí ìlú Ejura fún ọdún gbọọrọ, kò sì sẹ́ni tó fún mi ní àmì ẹ̀yẹ kankan. Kò burú. Èmi mọ ohun tí mo ṣe: èmi ni mo kọ́ awakọ̀ òfurufú bí wọ́n ṣe ń wọn epo. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ kà á dópin.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín àwọn ọdún 1980 tó ń fi ọkọ̀ òfurufú kékeré fọ́n oògùn kòkòrò sí àwọn oko òwú lápá Ejura. Iṣẹ́ yẹn kò tó o. Tó bá ti rí ọkọ̀ lójú títì, á já wálẹ̀, á gba orí wa kọjá bí ẹni fẹ́ ṣí fìlà lórí ẹni, á tún fò lọ. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi jókòó níwájú ọkọ̀ mi, ó ń lọ ra ẹ̀wà tí yóò tà ní Kejetia. Bí ọkọ̀ òfurufú náà ṣe bú ramúramù lórí wa, kókó gbígbóná, ògì tó ń mu, dà sí i lẹ́sẹ̀. Mo fi Yorùbá bú u, mo fi Hausa bú u, mo fi Twi, èdè àwọn ará ibẹ̀, parí rẹ̀. Mo búra pé bó bá já bọ́ lọ́jọ́ kan, n ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni.

Nínú ọkọ̀ tèmi, abẹ́rẹ́ tó ń sọ iye epo ti kú tipẹ́. Ọ̀pá gúáfà kan ni mo ní, mo kọ ilà mẹ́ta sí i lára bíi ti ojú bàbá mi. Ilà kìíní á gbé ọ dé Mampong láàárín ọ̀nà, èkejì á gbé ọ dé Ejura, ẹ̀kẹta á gbé ọ lọ, á gbé ọ bọ̀. Láràárọ̀ ni mo ń tì í bọ táńkì kí n tó ṣe bísímílà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, a ti kọjá Mampong, ìyá mi tún wà níwájú. A gbọ́ ọkọ̀ òfurufú náà lẹ́yìn wa. Mo ti la ẹnu láti bú u kí ariwo rẹ̀ tó yí padà. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́ pátápátá, ó rọra gba orí wa kọjá, ó sì balẹ̀ lójú títì níwájú. Ó ta sókè lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dúró ní kọ́nà ìsàlẹ̀ òkè, apá rẹ̀ dí títì pa. Awakọ̀ wà nínú rẹ̀, ó ń gbá dígí. Ilẹ̀kùn ti há mọ́ ọn.

Ìgbà náà la gbọ́ agbégilódò tó ń sọ̀ bọ̀ láti orí òkè. Ọkọ̀ tó ru ìtì igi kì í dúró kíá, kò sì lè rí ohun tó wà ní kọ́nà.

Ìyá mi wò mí. Ó gbọ́ ìbúra mi lọ́jọ́ yẹn. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ titun wọ́," ó ní. "Bọ́ sílẹ̀! Kɔ ntɛm! Yára lọ!"

Mo fa àdá yọ lábẹ́ ìjókòó. Kò sí dírẹ́bà tí kò mọ̀ pé ewé tútù lójú títì túmọ̀ sí pé ewu wà níwájú. Mo ń gé e, mo ń sáré gun òkè, mo ń tò ó sílẹ̀. N kò tò tó márùn-ún tí agbégilódò fi yọ. Mo dúró sáàárín títì, mo ń ju ẹ̀ka. N kò yẹ̀. Búrèkì ké, táyà rú èéfín, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dúró. Mo na ọwọ́, mo fi kan iwájú rẹ̀. Títí dòní, bí mo bá rántí, orí mi á wú.

A fi àdá já ilẹ̀kùn fún awakọ̀ òfurufú. Ó bọ́ sílẹ̀. "Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, dírẹ́bà," ó ní, "ẹ́ńjìnì ló dà mí. Abẹ́rẹ́ ní epo tó ìdajì."

Mo mú ọ̀pá mi, mo gun apá ọkọ̀ rẹ̀, mo tì í bọ táńkì. Ó jáde ní gbígbẹ. Mo nà án sí i nímú.

"Ṣé o wo inú táńkì láàárọ̀?"

Ó ní rárá.

"Abẹ́rẹ́ lo gbẹ́kẹ̀ lé, tí o fi ń gba orí ìyá mi kọjá?"

Mo bú u títí ìyá mi fi ní ó tó. Ọmọ náà bẹ ìyá mi nítorí kókó ọjọ́ yẹn, ó wá bẹ̀ mí kí n fún òun ní ọ̀pá náà. Mo fún un. Wọ́n gbé epo wá fún un láti oko òwú, ó sì fò kúrò.

N kò gé ọ̀pá mìíràn. Àyè dà? Mo ń sọ ìtàn ní Kejetia, mo ń sọ ọ́ ní àdúgbò Dichemso. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ mi kún fọ́fọ́, a kù díẹ̀ kí a dé kọ́nà yẹn. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.

Ìyá mi kò tilẹ̀ wò mí. "Ọ̀pá dà, ọ̀gá páílọ́ọ̀tì?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. A gbọ́ ariwo ọkọ̀ òfurufú lókè. Ó ga fíofío, kò já wálẹ̀. Ó kàn mi apá lọ́tùn-ún lósì, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, ayọ̀ mi ju ìtìjú lọ: ọ̀pá mi wà lókè yẹn, ọmọ náà yóò sì délé.

Mo fa àdá yọ, mo bọ́ sílẹ̀, mo lọ gé ewé.