Wẹ́dà Tó Ń Sá fún Iná Kékeré

Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń jó irin pọ̀ ní Uselu, ní Benin. Géètì, férémù ọkọ̀, irin wíńdò, kò sí èyí tí n kì í fi iná lẹ̀ pọ̀. Iná a máa ta sí mi láyà, n kì í yẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin yìí kan náà ló jókòó sórí àga dókítà ní Airport Road, tó di apá àga náà mú gírígírí, nítorí iná kan tí kò tó orí ìṣáná.

Àgbọ̀n mi ló kó mi dé ibẹ̀. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, bí mo bá ti fá irùngbọ̀n, gbogbo àgbọ̀n mi a sú, a sì máa yún mi. Ọkùnrin kan tó ń ta oògùn nítòsí wa fún mi ní ìpara inú túùbù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti jọ̀lọ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n oníbàárà kan wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ti ń pọ́n o." Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wẹ́dà tí èéfín ti sọ di ìdí ìkòkò, ta ló yìn ín rí? Mo gbé ìpara náà kúrò ní àgbọ̀n, mo gbé e dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọdún ń gorí ọdún. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ojú a máa ta mí bí ata. Bí mo bá tún pa á, a rọlẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi dúdú lápá kan, ó pọ́n lápá kan, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín sì yọ káàkiri bí ìgbà tí ọmọ iléèwé fi báírò pupa ya odò sínú máàpù. Ẹni tó bá bi mí, mo ní iná wẹ́dà ni. Mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní, "Irú iná wo ló mọ ojú tí kò mọ ọwọ́? Ẹ wo ọwọ́ yín, dúdú minimini." Mo fa fìlà bojú. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí ẹni tó gbé kámẹ́rà, mo ti rántí iṣẹ́ tí mo fẹ́ sáré lọ ṣe.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Ìyá rẹ̀ kú, bàbá rẹ̀ kú, ọ̀dọ̀ mi ló dàgbà sí. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Pijin ló fi ń dá mi lóhùn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde ní yunifásítì, ó wá láti Ekosodin tó ń gbé, ó dúró níwájú ògiri pálọ̀ mi.

"Uncle, for this house, no picture dey wey me and you dey inside. Day wey I go graduate, na you go stand where my papa for stand. You go comot that cap."

Mo ní, "Àwòrán kì í ṣe oúnjẹ."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wo ògiri. Mo rí i pé bí n kò bá wá nǹkan ṣe sí ojú yìí, ọmọ náà yóò dá dúró lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀.

Bó ṣe mú mi lọ bá dókítà awọ ara nìyẹn, obìnrin ará Èkìtì kan.

"Bàbá, ìpara wo lẹ ń lò?"

"Ìpara kẹ̀? Iná wẹ́dà ni."

Ọmọ náà ṣí báàgì rẹ̀, ó gbé túùbù mi tí mo ti fún gbẹ kalẹ̀ sórí tábìlì. Dókítà wò ó, ó wò mí.

"Iná yín yìí ní ìdérí o."

Ó ní ìpara yẹn ló jẹ awọ ojú mi di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí iṣan fi yọ, òun kò sì ní tan lésà, iná kékeré tó ń pa irú iṣan bẹ́ẹ̀, sí ojú tó bá ṣì ń jẹ ẹ́. Mo fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe là á sílẹ̀ fún mi. Ojú wú, ó yún mi fún oṣù mélòó kan, bíi kí n fi sáńpépà ha á. Ọmọ náà a máa pè mí láràárọ̀: "Uncle, you rub am?" Mo ní rárá, òótọ́ sì ni.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ tan iná náà, mo múra bí wẹ́dà ṣe ń múra. Àwa tí èéfín irin ń kún láyà, mílíìkì la fi ń fọ̀ ọ́. Bí ọ̀gá wa ṣe kọ́ wa nìyẹn. Mo mu agolo kan nílé, mo fi ìkejì sápò. Mo kó góńgò dúdú tí mo fi ń bo ojú níbi iṣẹ́ sínú ọ̀rá. Mo wá fi àdín kun ojú dáadáa, kí iná lè yọ̀ dànù lára mi. Dókítà fọwọ́ kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ìka rẹ̀ yọ̀ dé etí.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí n dín yín ni?"

Ó ní kí n lọ fi ọṣẹ bọ́jú. Ó gba góńgò mi, ó fi tirẹ̀ bò mí lójú. Ìdí etí ló ti kọ́kọ́ dán iná náà wò. Ó ta mí pàù, bí ìgbà tí èèyàn fa rọ́bà tó sì jù ú sílẹ̀. Nígbà tó tàn án dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo gbóòórùn irun tó ń jó.

"Dókítà, mo ti gbiná."

"Irùngbọ̀n yín méjì péré ni. Ẹ dìde, a ti parí tòní."

Mo ṣì di apá àga náà mú. Inú ọkọ̀ la ti jọ mu mílíìkì kejì, èmi àti ọmọ, òun sì rẹ́rìn-ín títí a fi délé.

A padà lọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Àwọn odò pupa yẹn ṣókùnkùn, wọ́n sì ń gbẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn àbàwọ́n dúdú kò yá bẹ́ẹ̀. Ìpara tí dókítà fúnra rẹ̀ fún mi àti èyí tí mo ń pa nítorí oòrùn ló lé wọn lọ títí àwọ̀ tí a bí mi mọ́ fi padà, dókítà sì ti kìlọ̀ pé gbogbo wọn kò ní lọ tán. Àbàwọ́n kan kù lábẹ́ ojú òsì. Mo fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Lọ́jọ́ tí ọmọ gboyè, ayàwòrán kò tíì sọ̀rọ̀ tí mo ti ṣí fìlà. Oòrùn Benin bà mí lójú gbogbo, n kò yẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà di ọwọ́ mi mú. "Ẹ ṣeun," ni ó wí, ní Yorùbá.

Mo fi ọ̀kan nínú àwòrán náà kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Mẹkáníìkì ọ̀tá mi dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó títí.

"Ọ̀gá, ojú yín ti bá ọwọ́ yín mu wàyí. Dúdú minimini."

Kò sí ẹni tó yìn mí tó bẹ́ẹ̀ rí.